Kíláàsì Tí Ọmọdé Yóò Ti Lẹ́nu Ọ̀rọ̀: Ohun Tí A Fẹ́ Fi Owó Ìfilọ́lẹ̀ Yìí Ṣe

Àwa ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ni ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ohun tí a fẹ́ fi owó tí a óò dá ṣe. Ẹ ti gbọ́ pé kíláàsì jẹ́léósinmi ni fún àwọn ọmọ wa ní Hayin Banki. Ohun tí ẹ kò tíì gbọ́, tí ó sì ti fa àríyànjiyàn nínú ìgbìmọ̀ wa fún oṣù mélòó kan, ni irú kíláàsì tí yóò jẹ́. Nítorí náà a kò wá pọ́n ẹnikẹ́ni lé. Ẹjọ́ ni a gbé wá síwájú yín.

Ẹjọ́ náà nìyí. Àwọn kan láàárín wa ní kí a ra bẹ́ǹṣì àti tábìlì, kí a tò wọ́n ní ìlà, kí a kan pátákó ìkọ̀wé mọ́ ògiri, kí a wá tíṣà kan tí ohùn rẹ̀ já gaara, kí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n máa wí tẹ̀lé e. Àwọn yòókù ní ó tì. Wọ́n ní kí a tẹ́ ẹní, kí a kan pẹpẹ kúkúrú, kí a kó oríṣiríṣi ohun èlò sí orí rẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa mú èyí tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́, kí tíṣà máa wò wọ́n, kí ó máa bá wọn sọ̀rọ̀, kí ó sì máa ti ibi tí ọmọ bá dé mú un lọ síwájú. Lẹ́yìn tí a ti wádìí, tí a sì ti bi àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí jù wá lọ léèrè, ìhà kejì ni gbogbo wa fi sí. Ó tọ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó na ọwọ́ sí àpò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo orúkọ tí a fún irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Jẹ́-kí-ilé-ó-sinmi. Orúkọ náà dùn, ó sì pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ fetí sí i dáadáa: ilé ni ó ń rò, kò ro ti ọmọ. Ohun tí ó ń wí ni pé kí ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá, kí ìyá lè ráyè. A kò bá orúkọ náà jà o. Ta ni nínú wa tí kò mọ bí ó ti ń rí nígbà tí oníbàárà ń ná ọjà lọ́wọ́, tí ọmọ méjì sì ń fa ìró lẹ́yìn?

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní ìlú Róòmù ní ọdún 1907. Wọ́n tún àwọn ilé ńláńlá ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ aláìní ní àdúgbò kan tí a ń pè ní San Lorenzo. Bí baba àti ìyá bá ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ó kù sílé a máa ba ògiri àti àtẹ̀gùn jẹ́. Àwọn tí ó ni ilé wá ní kí a kó wọn sí yàrá kan, kí ẹnì kan máa mójú tó wọn. Dókítà obìnrin kan, Maria Montessori, ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, ó sì ṣí yàrá náà ní ọjọ́ kẹfà oṣù January. Kí ilé lè sinmi ni wọ́n ṣe pè é, ṣùgbọ́n ọmọ ni obìnrin náà ń wò.

Ó kó àwọn ohun èlò fún àwọn ọmọ náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù kan tí tíṣà máa ń tì. Ní ọjọ́ kan tíṣà gbàgbé láti tì í, ó sì pẹ́ kí ó tó dé. Nígbà tí yóò fi wọlé, àwọn ọmọ ti ṣí i, oníkálùkù ti mú èyí tí ó wù ú, wọ́n ti ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Lójú tíṣà, olè jíjà ni, ó sì fẹ́ kí a bá wọn wí. Montessori kò kà á sí olè. Ó rí i pé àwọn ọmọ ti mọ ohun èlò náà débi pé wọ́n lè yàn fúnra wọn. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣètò kọ́bọ́ọ̀dù kúkúrú tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Àwa Yorùbá máa ń wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Dókítà yìí kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ọwọ́ ọmọdé tó pẹpẹ. Pẹpẹ ni ó gbé sọ̀kalẹ̀. Ó gé lẹ́tà láti ara sáńpépà, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ pátákó, kí àwọn ọmọ lè máa fi ìka tọ ipa wọn bí ẹni ń ṣeré. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé láìsí pé ẹnikẹ́ni na pàṣán sí wọn.

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ wa ní àṣà Òyìnbó ni gbogbo èyí, kí a má gbé e wá bá wa ní Kàdúná. A dá a lóhùn pé kí ó rántí ilé-kéwú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó síwájú Àáfà rí mọ̀ pé oníkálùkù ni ó ní wàláà tirẹ̀. Ọmọ kan lè wà ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí ẹni tí ó jókòó tì í ti lọ jìnnà. Àáfà kì í dá èyí tí ó yára dúró, kì í sì í wọ́ èyí tí ó ń fà nílẹ̀. Yóò gbọ́ ti oníkálùkù ní ẹnu rẹ̀, àwọn tí ó ti dàgbà nínú kéwú a sì máa tọ́ àwọn kékeré sọ́nà. Òótọ́ ni pé ọmọ kò yan ohun tí yóò kà níbẹ̀, òótọ́ sì ni pé pàṣán kì í jìnnà; a kò fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn nínú ẹ̀kọ́, kì í ṣe Róòmù ni a ti máa lọ kọ́ ọ.

Ẹ wo ayò pẹ̀lú. Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ó pe ọmọdé jókòó kí ó máa kọ́ ọ ní ayò. Yóò kàn dúró ti àwọn àgbà ni, yóò máa wò, títí ọjọ́ tí yóò fi wí pé kí wọ́n jẹ́ kí òun náà ta á. Ní ọjọ́ náà, ìṣirò tí ń bẹ lórí rẹ̀ a máa ya ẹni tí ó bí i lẹ́nu. Bojúbojú ńkọ́? Àwọn ọmọ fúnra wọn ni ó ń yan ẹni tí yóò di ojú, tí ń ṣe òfin, tí ń dá ẹni tí ó bá rẹ́ni jẹ lẹ́jọ́. Ìṣòro wa ni pé ààyè eré wọ̀nyí ti ń kéré. Láti ìgbà rògbòdìyàn ọdún 2000 àti 2002 ní ìlú yìí, ọ̀pọ̀ òbí ni kò fẹ́ kí ọmọ wọn jìnnà sí ẹnu ọ̀nà bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Bí eré kò bá sí ní ìta mọ́, tí a kò sì fún un láàyè nínú ilé-ìwé, níbo ni ọmọ yóò ti ṣe é?

Nígbà tí a ń wádìí, a lọ wo àwọn kíláàsì kan nínú ìlú, a kò ní dárúkọ wọn. Nínú ọ̀kan, àwọn ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́rin lọ fi Gẹ̀ẹ́sì ka oókan dé ọgọ́rùn-ún fún wa, ohùn wọn sì dún bí ìlù. A pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí ó bá wa lọ wá pe ọmọ tí ohùn rẹ̀ le jù, ó fún un ní àpò kékeré kan tí tòmátì wà nínú rẹ̀, ó ní kí ó mú mẹ́ta wá. Ọmọ náà wò ó. Ó kó ẹ̀kúnwọ́ jáde. Nígbà tí a tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní Haúsá, ó tún kó ẹ̀kúnwọ́. Ọgọ́rùn-ún wà ní ẹnu rẹ̀, ẹ̀ta kò sì sí ní ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kò yọ̀dà o. Ó ṣe ohun tí a kọ́ ọ gan-an. Orin ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì pe orin náà ní ìṣirò.

Àwọn kan yóò wí pé bí ó bá dàgbà yóò yé e. Bóyá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Ypsilanti, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1967 ni àwọn onímọ̀ kan níbẹ̀ ti pín ọmọ 68 láti ilé aláìní sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ni wọ́n. Ní ọ̀nà kìn-ín-ní, tíṣà ni ó ń darí ohun gbogbo: ó wí, wọ́n dáhùn, èyí tí ó bá gbà á a gba oríyìn. Ní ọ̀nà kejì, ọmọ ni yóò kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe, yóò ṣe é, lẹ́yìn náà yóò wá ròyìn bí ó ti ṣe é. Ní ọ̀nà kẹta, eré ni ó pọ̀ jù, tíṣà a sì máa tẹ̀ lé ohun tí ó bá fa àwọn ọmọ mọ́ra. Ní ìbẹ̀rẹ̀, làákàyè gbogbo wọn ló gbèrú, ìyàtọ̀ kò sì pọ̀. Bí àwọn onímọ̀ náà bá ti dúró síbẹ̀, wọn ì bá wí pé ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n ń tọpa àwọn ọmọ náà títí wọ́n fi pé ọdún 23. Nínú àwọn tí tíṣà darí, 47 nínú 100 ni ó ti gba ìtọ́jú nítorí ìdààmú ọkàn ní àsìkò tí wọ́n wà ní ilé-ìwé. Nínú ọ̀nà méjì yòókù, 6 nínú 100 ni. Àwọn tí ọlọ́pàá mú nítorí ọ̀ràn ńlá náà pọ̀ jù láàárín àwọn tí a darí. Ọmọ 68 kò pọ̀, Michigan kì í sì í ṣe Hayin Banki. A kò ní fi àwárí kan ṣoṣo búra níwájú yín. Síbẹ̀, ìyá tí ó bá gbọ́ ọ tí kò ronú kì í ṣe irú ìyá tí a mọ̀ níbí.

A wá dé orí ọ̀rọ̀ èdè, ibẹ̀ sì ni ó le jù sí. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè tí à ń sọ nínú yàrá kò lè béèrè ohunkóhun níbẹ̀, kò lè yàn, kò lè kọ̀. Yóò jókòó ni, yóò máa wo ẹnu tíṣà. Ẹ lè kó gbogbo ohun ìṣeré ayé sí iwájú rẹ̀, tíṣà ni yóò ṣì máa darí.

Wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò tinútòde ní ilé wa. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú kíláàsì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀. Àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ni ó fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, wọ́n sì wá tíṣà tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa láti máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn kan tẹ̀ lé ọ̀nà àtijọ́: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tí ó lo Yorùbá já fáfá ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò sì gbẹ́yìn. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àwọn wọ̀nyẹn, tiwa ṣì kéré sí wọn, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣe kéré tó ni ọ̀rọ̀ náà ṣe kàn án tó. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n ti ọmọdé kò lè jáde bí kò bá ní èdè tí yóò fi gbé e jáde.

Àwa tí a wà ní òkè ọ̀hún ní ìṣòro tiwa tí àwọn ará Modákẹ́kẹ́ kò ní. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa: Haúsá ni àwọn ọmọ wa fi ń ṣeré ní àdúgbò. Yorùbá ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu ìyá, Haúsá lẹ́nu ọ̀rẹ́, Lárúbáwá ní ilé-kéwú, Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu tíṣà. Nínú àwọn ilé kan, bí ìyá bá fi Yorùbá pè, Haúsá ni ọmọ fi ń jẹ́. Èyí dun àwọn àgbà wa, ó sì dun àwa náà. Ṣùgbọ́n a kò ní fi pàṣán lé Haúsá jáde kúrò nínú kíláàsì. Tíṣà wa yóò máa sọ Yorùbá, àlọ́ yóò jẹ́ ti Yorùbá, a ó sì bẹ àwọn ìyá àgbà wa kí ọ̀kan máa wá jókòó lórí ẹní lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kí ó máa pa á. Bí ọmọ bá fi Haúsá béèrè ohun tí ó fẹ́ mọ̀, a ó dá a lóhùn, a ó sì fún un ní ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ mú lọ sílé.

Ẹ̀yin tí ń gbọ́ ìròyìn yóò wí pé ìjọba ńkọ́. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni títí dé ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní November 2025 Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò jẹ́ èdè ìkọ́ni. Ọ̀rọ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀ báyìí kò yẹ kí ó dẹ́rù bà wá. Ọmọ wa yóò kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nípa orúkọ àwọn nǹkan tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ti eré, ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí ó jáde ní ọdún 1977 ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé eré ni kí ó jẹ́ ọ̀nà pàtàkì tí a óò fi máa kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi. Àtẹ̀jáde ti 2004 ní kí tíṣà kan má ṣe ní ju ọmọ 25 lọ. Nítorí náà àwọn tí ń to ọmọ ọgọ́ta sórí bẹ́ǹṣì ni kò tẹ̀ lé ìlànà, àwa kọ́.

Kí ni tíṣà yóò wá máa ṣe bí ọmọ bá ń yan ohun tí ó fẹ́? Ìbéèrè yìí ni wọ́n bi wá jù. Iṣẹ́ rẹ̀ yóò pọ̀ ju ti ẹni tí ń kígbe níwájú pátákó lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó kó ìdérí ìgò mínírà jọ, tí ó ń tò wọ́n ní ìlà lórí ẹní. Tíṣà tí kò mọ iṣẹ́ yóò ní kí ó fi ìdọ̀tí yẹn sílẹ̀ kí ó wá kàwé. Tíṣà wa yóò jókòó tì í. Mélòó ni ó pupa níbẹ̀? Èwo ni ó pọ̀ jù? Bí a bá pín in fún ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ, ṣé yóò dọ́gba? Ọmọ náà ti wọ inú ìṣirò, kò sì mọ̀. Bí ó bá ti mọ ogún, ẹ fún un ní ogún ìdérí, kí ó mú mẹ́rin kúrò: ẹ̀rìndínlógún nìyẹn, lójú rẹ̀, ní ọwọ́ rẹ̀. Òǹkà Yorùbá tí a máa ń sọ pé ó le fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí, a ò jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ kàn án ni. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọmọ mìíràn ń fi agolo mílíìkì bu yanrìn sínú mudu, ó ń wo iye agolo tí yóò kún un. Ẹ̀kẹta ń sọ ìtàn. Tíṣà yóò kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, yóò sì kà á padà fún un, kí ó lè rí i pé ohun tí òun sọ ni ìwé ń sọ. Kí wọ́n tó lọ sílé, tíṣà yóò kọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe sínú ìwé kan, nítorí inú ìwé yẹn ni yóò ti mọ ohun tí yóò gbé sórí pẹpẹ lọ́la.

Òfin yóò wà o. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lu ẹnikẹ́ni, ohun tí o bá mú, ibi tí o ti mú un ni kí o dá a padà sí, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ìdí nǹkan ni ó ni ín títí yóò fi ṣe tán. A ti rí ibi tí wọ́n ti pe ìjàngbọ̀n ní òmìnira, irú rẹ̀ kọ́ ni à ń wí.

Ẹ̀rù kan ṣẹ́kù tí a kò lè fi ẹnu lásán lé lọ. Àwọn ilé-ìwé kan ń dán ọmọ wò kí wọ́n tó gbà á sí Prímárì Kìn-ín-ní, ìdánwò náà sì jẹ́ kíkọ A dé Z. Òbí ń bẹ̀rù pé kí ọmọ òun má bàa kùnà níbẹ̀. Ọmọ tiwa yóò mọ lẹ́tà ní ọdún tí ó kẹ́yìn rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí sáńpépà yóò ti wà lórí pẹpẹ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó ṣeé ṣe kí ó pẹ́ ju ti ọmọ aládùúgbò lọ. Ọmọ aládùúgbò lè ti kọ orúkọ rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀, kí tiwa ṣì máa bu yanrìn. Ẹni tí kò bá lè fara da oṣù díẹ̀ yẹn, kí ó sọ fún wa nísinsìnyí, kí ó má baà jẹ́ pé ní àárín ọdún ni yóò máa fi ẹjọ́ tíṣà sùn wá.

Ohun tí a ń tọrọ kò pọ̀. Owó bẹ́ǹṣì tí a kò ní rà ni a fẹ́ fi kún owó tíṣà, kí a lè gba méjì, kí ọmọ tí yóò wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan má ju 25 lọ. Àwọn káfíńtà tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa ti gbà láti kan pẹpẹ náà lọ́fẹ̀ẹ́ bí a bá ra pákó; kí wọ́n wọn ọmọ ọdún mẹ́ta kan ná kí wọ́n tó gé e. Láti Sátidé tí ń bọ̀, kí ẹ máa kó agolo mílíìkì tí ẹ ti fọ̀, ìdérí ìgò, ṣúkù àgbàdo gbígbẹ, àti àjákù aṣọ láti ilé àwọn télọ̀ wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́. Kí àwọn agolo náà má ní ẹnu mímú o, ọwọ́ ọmọdé ni yóò wọ̀ wọ́n.